Láàbù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í jáde: kí ni kí a kọ́kọ́ náwó lé lórí?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olùkọ́ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láàbù. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti ń kọ́ni, ọ̀rọ̀ láàbù wa ni mo sì gbé wá síwájú yín. Yàrá náà gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 8, àjà rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Fèrèsé lúfà mẹ́fà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí gúúsù, mẹ́fà mìíràn sì wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti fi pákó kan ti ẹ̀yìn pa, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn olè gbà wọlé tí wọ́n fi kó òṣùwọ̀n àti maikirosíkópù wa lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ SS3 mẹ́rìndínláàádọ́ta wà nínú rẹ̀, wọ́n ń múra sílẹ̀ fún àyẹ̀wò iyọ̀ tí WAEC máa ń béèrè. Bí àwọn kan ti ń fi iná sí iyọ̀ náítíréètì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń da ásíìdì lé súlífáìtì, kò sì pẹ́ tí gbogbo yàrá fi kún fún òórùn tí ń ta ọ̀fun, tí èéfín pupa rúsúrúsú sì rọ̀ sórí tábìlì tó wà lẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan tí ó ní ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. A gbé e jáde sábẹ́ igi máńgòrò, ó fín oògùn rẹ̀ sẹ́nu, ara rẹ̀ sì balẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ọkàn tèmi kò tíì balẹ̀ títí di òní.

Fáànù àjà mẹ́rin ni a ní. Bí a bá tàn wọ́n, iná Bunsen á máa fì, ti àtùpà sípíríìtì á sì kú pátápátá, nítorí náà a kì í tàn wọ́n lásìkò iṣẹ́. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti gbà láti náwó sí láàbù ní sáà yìí, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ni owó náà lè rà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí ó jẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Igbákejì rẹ̀ ní kí a fi fáànù àjà méjì kún mẹ́rin. Èmi ìbá fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí ń fa gáàsì jáde, èyí tí àwọn oníláàbù ń pè ní fume cupboard, ṣùgbọ́n owó náà kò dé ìdajì iye rẹ̀. Kí ni kí n lọ sọ fún wọn?

Ìyá Láàbù (ó ti fẹ̀yìn tì) fèsì pé:

Ẹ kú ìyọnu, tíṣà. A dúpẹ́ pé ọmọ náà rí ara gbà.

Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín kí ó má ra amúlétutù. Irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, afẹ́fẹ́ inú yàrá gan-an ló ń fà, tí ó ń mú tutù, tí ó sì ń tú padà sínú yàrá kan náà. Ẹ ó wá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí òtútù má baà jáde, ẹ ó sì ti há gáàsì mọ́ inú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Fáànù àjà náà kò sàn jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó ń ro àmàlà, bó ti wù kó rò ó tó, kò tíì bù ú kúrò nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáànù àjà ń ṣe sí afẹ́fẹ́.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ibi tí yóò gbà wọlé, ó sì ń fẹ́ ibi tí yóò gbà jáde, kí àwọn méjèèjì sì jìnnà síra. Fèrèsé mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo dà bí agboolé tí ó ní ẹnu-ọ̀nà mẹ́fà sí ojúde kan náà: àlejò á máa wọlé, á máa jáde níwájú, kò sì sí ẹni tí yóò dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé yín ni èéfín pupa yẹn ti rí ibi jókòó sí. Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, pákó ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Bí ó bá jẹ́ ti olè ni, wẹ́dà lè fi irin síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gba àárín irin kọjá, olè kò ní lè gbà á.

Bí ọ̀gá yín bá ń jiyàn, ẹ fi hàn án. Lọ́jọ́ tí kò sí ọmọ kankan ní láàbù, ẹ pa gbogbo fáànù, ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn kan sórí tábìlì àárín, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì máa wo ibi tí èéfín náà kọrí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí igun méjèèjì tó wà lẹ́yìn. Mo ti rí i tí àwọn ọ̀gá tí kò gba ọ̀rọ̀ olùkọ́ rárá fi ojú ara wọn rí èéfín kọ́ìlì, tí wọ́n sì dákẹ́.

Àwọn ènìyàn á máa sọ fún yín pé gáàsì kan wúwo, òmíràn fúyẹ́, wọn á sì jà lórí bóyá òkè ni kí ihò wà tàbí ìsàlẹ̀. Lóòótọ́ ni pé chlorine wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀, tí amóníà sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwúwo rẹ̀ kò fi ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ti afẹ́fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n gáàsì tí ó bá ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ yàrá, ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ ni òun náà ń bá a lọ. Gáàsì ìdáná nìkan ni mo yọ sọ́tọ̀. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rá lọ bí omi, á sì lúgọ sábẹ́ tábìlì títí ẹnìkan yóò fi ṣáná. Sìlíńdà rẹ̀, ìta ni kí ó máa gbé.

Ohun kan kù tí ẹ kò mẹ́nu bà, ìyẹn yàrá ìkẹ́rùsí. Ẹ wọ ibẹ̀ lọ, kí ẹ fi ìka fa ara àwọn ìgò. Bí ìyẹ̀fun funfun bá lẹ̀ mọ́ ìka yín, kì í ṣe eruku. Amóníà àti hydrochloric acid ni wọ́n jọ ń gbé pẹpẹ kan, tí oru méjèèjì sì ń pàdé lójú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń di ammonium chloride. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, gbogbo retort stand wa, irin tí a fi ń di ohun èlò mú, ló dípẹtà láàárín ọdún kan, a sì ń bú òrùlé pé ó ń jò. Káfíńtà gun orí òrùlé náà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó mọ̀ pé oru ásíìdì láti inú ìgò tí ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa ló ń jẹ irin.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́ fèsì pé:

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ní ọdún 1984, inú láàbù tí kò ní ju fèrèsé mẹ́rin lọ ni a ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, orí tábìlì gbalasa ni hydrogen sulphide wa wà tí ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, a kàn máa ń fa aṣọ bo imú ni. Kò sẹ́ni tó kú. Ó dà bí ẹni pé a ti ń gẹ àwọn ọmọ ayé òde òní jù.

Tíṣà Lọ́ńdọ̀nù fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Èmi náà wọ irú láàbù bẹ́ẹ̀ nílé kí n tó wá máa kọ́ni níbí, n kò sì lè sọ pé irọ́ lẹ pa. Àmọ́ imú kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè fọkàn tán lórí hydrogen sulphide. Bí ó bá tilẹ̀ kéré gan-an, imú á ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ó bá wá pọ̀ tó nǹkan bí ìdá 100 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ó máa ń pa agbára ìgbóòórùn, ẹni tí ó wà níbẹ̀ á sì rò pé gáàsì náà ti lọ. Aṣọ tí a fi bo imú kò sì dá gáàsì kankan dúró. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée kò ní dúró de ìgbà tí ó bá tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Níbi tí mo wà, òfin ni pé kí wọ́n yẹ kọ́bọ́ọ̀dù tí ń fa gáàsì wò, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 14, a sì máa ń retí kí afẹ́fẹ́ tí ń wọ ẹnu rẹ̀ máa sáré tó mítà 0.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìgbà tí a bá ń retí àyẹ̀wò náà, bébà tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ nìsàlẹ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́: bí ó bá ń fà, bébà náà á tẹ̀ sínú. Mo sọ èyí kí tíṣà má baà rò pé nǹkan ti tán bí wọ́n bá ra kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ́jọ́ kan. Mo ti rí èyí tí wọ́n sọ di ibi ìkówèé sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí owó tó dé ni kí ẹ dín gáàsì náà kù láti orísun. Ìkán mẹ́ta ásíìdì nínú tẹ́sítúùbù tó láti fi mọ súlífáìtì. Ọmọ tí ó bá da ìdajì tẹ́sítúùbù kò ní rí ohun tí ẹni mẹ́ta-ìkán kò rí. Ẹ pín ọmọ 46 yẹn sí ọ̀nà méjì, kódà bí yóò tilẹ̀ gba wákàtí yín sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi hydrogen sulphide hàn wọ́n, ẹ ṣe é fúnra yín ní ìta, kí ẹ̀yin àti wọn kẹ́yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù gáàsì náà ti ẹnu rọ́bà wọ inú omi copper sulphate, níbi tí yóò ti di ohun dúdú tí yóò rẹlẹ̀. Chlorine àti ti súlífáìtì, omi sodium hydroxide ló ń gbà wọ́n. Ní ti náítíréètì, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ nìkan fi iná sí i, lẹ́bàá fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Ẹnjiníà Ilé fèsì pé:

Ìyá Láàbù ti sọ ìdí ọ̀rọ̀, èmi á fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Mítà 12 nígbà 8 nígbà 3 jẹ́ 288 m³ afẹ́fẹ́. Bí a bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ yàrá náà pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà ní wákàtí kan, èyí tí ó jẹ́ ìwọ̀n tí ó bójú mu fún láàbù ilé-ẹ̀kọ́, 1,728 m³ ni fáànù gbọ́dọ̀ máa fà jáde ní wákàtí kan. Fáànù méjì tí ń fa afẹ́fẹ́ gba ara ògiri jáde síta lè ṣe é. Iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí kò sí páìpù tàbí nẹ́ẹ̀tì lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ẹ má ra èyí tí wọ́n kọ 900 sí. Ẹ wá èyí tí ó tó 1,200 lára. Owó fáànù méjì bẹ́ẹ̀ kéré gan-an sí ti amúlétutù, ìyókù á sì san owó wẹ́dà.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé wọ́n á gbé fáànù sára ògiri, wọ́n á sì ṣí fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀lẹ ni. Á gba fèrèsé yẹn wọlé, á yà sí fáànù, á jáde, àárín yàrá kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Bí fáànù ẹ̀yìn bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ti fèrèsé ẹ̀yìn tó sún mọ́ ọn, kí ẹ sì ṣí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ má sì ti gbogbo rẹ̀ pa, nítorí fáànù tí kò rí afẹ́fẹ́ fà á kàn máa kígbe lásán. Ibi ìwọlé tí ó ga ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní ààbọ̀ mítà, ni ó kéré jù tí mo lè gbà fún ìwọ̀n tí mo sọ yìí.

Ẹ tún gbé tábìlì àyẹ̀wò iyọ̀ lọ sẹ́yìn, nítòsí fáànù, kí àwọn ọmọ dúró sí apá ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ títun á kan ọmọ kí ó tó kan gáàsì. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì, inú imú wọn ni ẹ ó máa gba gáàsì náà kọjá síta.

Ní ti iná mànàmáná, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé fèrèsé ẹ̀yìn ṣe kókó ju fáànù lọ. Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, láti apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, láti ojú òkun, ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá sí agbègbè wa, èyí tí yóò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín wọlé fúnra rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ni yóò yí padà, tí yóò máa ti àríwá bọ̀ pẹ̀lú eruku. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ tan fáànù, ẹ má gbé e sábẹ́ fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì lè pa ènìyàn kí ó tó mọ̀.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì fèsì pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé tiwa. Àwọn ìgò ọ̀pọ̀lọ́ àti ejò tí a kó pamọ́ sínú formalin wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò kankan, ojú sì máa ń ta wá bí a bá ti ṣí i. Láti ọdún 2004 ni àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka formaldehyde, gáàsì tí ń ti inú formalin jáde, mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Àwa ti ń kó tiwa sínú ethanol ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ń gbiná, kò gbọdọ̀ sún mọ́ Bunsen yín.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì tún kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ní Sátidé, mo tan kọ́ìlì náà lójú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Èéfín rẹ̀ gòkè tààrà, ó kan àjà, ó tẹ́ bí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ padà. Nígbà tí a gbé e lọ sí igun ẹ̀yìn, kò tilẹ̀ kọrí síbì kankan. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a ti pa á, òórùn kọ́ìlì ṣì wà ní igun yẹn. Ọ̀gá ní kí wọ́n pe káfíńtà lójú ẹsẹ̀, ó yọ pákó fèrèsé mẹ́ta, a sì tún kọ́ìlì tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, èéfín náà kò dé àjà. Ó tẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ fà á, ó sì gba fèrèsé àárín jáde. Ọ̀gá kò tún dárúkọ amúlétutù mọ́.

Ti yàrá ìkẹ́rùsí nìkan ló dójú tì mí. Ìka mi funfun bí ẹni tí ó fọwọ́ kan èlùbọ́ gbaguda. Ọwọ́ ara mi ni mo fi to àwọn ìgò yẹn sórí pẹpẹ kan náà ní ọdún tó kọjá, nítorí pé mo tò wọ́n ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé álífábẹ́ẹ̀tì. Amóníà ti wà ní apá kejì yàrá báyìí.

Ìṣòro kan yọjú. Kíláàsì JSS2 wà lẹ́yìn wa gan-an, kò ju mítà mẹ́rin lọ, fèrèsé wọn sì kọjú sí tiwa. Bí fáànù bá fẹ́ síta tààrà, àwọn ni yóò fẹ́ ẹ sí. Kí ni kí a ṣe?

Ẹnjiníà Ilé fèsì pé:

Ó dára tí ẹ rí i kí ẹ tó lu ògiri. Páìpù ni kí ẹ fi gbé e lọ sókè. PVC ni kí ó jẹ́, nítorí pé oru ásíìdì á jẹ páànù láìpẹ́. Kí ó má ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ ju ẹnu fáànù lọ, kí ó má sì ní ju ìgbọ̀nwọ́ kan ṣoṣo lọ, nítorí ibi gbogbo tí ó bá ti wọ́ ni fáànù ti ń pàdánù agbára. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fi mítà kan, ó kéré tán, ga ju òrùlé lọ, kí ẹ má sì fi ìdérí pẹlẹbẹ bò ó típẹ́típẹ́, torí ìdérí bẹ́ẹ̀ á dá èéfín padà sílẹ̀ sí àwọn ọmọ yẹn. Ọyẹ́ kò ní lè ti fáànù náà padà bí ó ṣe máa ń ti èyí tí ó kọjú sí àríwá gbalaja. Àwọn fèrèsé ẹ̀yìn tí ẹ ṣí, ẹ máa tì wọ́n nígbà tí iná bá wà tí fáànù ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iná, ẹ má ṣe iṣẹ́ tí yóò mú gáàsì wá títí JSS2 yóò fi jáde fún eré ọ̀sán.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì fèsì pé:

Mo ti gbọ́, sà. Wẹ́dà àti oníná ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti ra kọ́ìlì mìíràn sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú kíláàsì JSS2 ni èmi àti ọ̀gá yóò jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá tàn án.